Àrokò, Ẹnà àti Ọ̀nà Ẹ̀yìn: Ohun tí ó Yẹ kí a Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo ti fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìhà gúúsù Èkìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi dá mi lóhùn tí n óò sì dákẹ́. Ọjọ́ náà dé ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ilé-ẹ̀kọ́ ti jáde. Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá jókòó sábẹ́ igi, ó ń ka ọ̀rọ̀ lórí Twitter. Mo ní, "Ṣé ìjọba kò ti ti ibẹ̀ pa ni?" Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ti tì í, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo bi í léèrè ẹni tí ó fi ọ̀nà kejì hàn án. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni ó fi ohun èlò kan ránṣẹ́ sórí fóònù òun, pé VPN ni wọ́n ń pè é, pé ọ̀fẹ́ sì ni. Ta ni ó ni ohun èlò náà? Kò mọ̀. Orílẹ̀-èdè wo ni onítọ̀hún wà? Kò mọ̀. Ṣé fóònù yìí kan náà ni ó fi ń wo ọ̀rọ̀ ìdánwò JAMB rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì fi ń fowó ránṣẹ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu àwa méjèèjì. Kò sí ohun búburú tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ náà pé mo ti kọ́ ọmọ náà ní òwe, n kò kọ́ ọ bí a ṣe ń yẹ ọ̀nà wò kí a tó tọ̀ ọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Èrò mi ni pé ó yẹ kí a máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní gbangba, nínú kíláàsì, bí ènìyàn ṣe lè dé ibi tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a sì kọ́ wọn ní ohun tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Mo sì gbà pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti olùkọ́ kọ̀ǹpútà nìkan. Olùkọ́ Yorùbá ní ipa tirẹ̀ láti kó, nítorí pé ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí àṣà wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Twitter pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó mẹ́nu ba ogun abẹ́lé. Ní ọjọ́ 4, Mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, Lai Mohammed, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti dí ọ̀nà náà. Agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba, Abubakar Malami, pàṣẹ pé kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni tí ó bá tàpá sí ìfòfindè náà ṣẹjọ́. Oṣù méje gbáko ni ilẹ̀kùn fi wà ní títì. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i.

Kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní orílẹ̀-èdè Tógò, ìjọba pa íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 nígbà tí àwọn ènìyàn ń fẹ̀hónú hàn. Ní Benin, wọ́n pa á ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ tí wọ́n ń dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti àwọn Ifẹ̀ tí ó wà ní agbègbè Atakpamé wà lára àwọn tí òkùnkùn náà bò. Nítorí náà, ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe ìtàn ọjọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́rin nílẹ̀ ọmọ Yorùbá lè tún ṣẹlẹ̀.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi nígbà náà pé òfin ni òfin, pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń rú u. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Ṣùgbọ́n òfin dà? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 39, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀, àti láti gba ìròyìn àti èrò ẹlòmíràn. Abala 36 sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin tí a kọ sílẹ̀ kò là kalẹ̀. Ìkéde mínísítà kì í ṣe òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe. Ẹgbẹ́ SERAP àti àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé ẹjọ́ náà ní kí ìjọba má ṣe bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ nítorí pé ó lo Twitter títí tí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ náà tán. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2022, ó dájọ́ pé ìfòfindè náà kò bá òfin mu, pé irú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wáyé mọ́. Ilé ẹjọ́ kan náà ti dá irú ẹjọ́ yìí fún àwọn ará Tógò ní ọdún 2020. Nítorí náà, ọmọ tí ó kúnlẹ̀ níwájú mi kì í ṣe ọ̀daràn. Bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà, èmi ni n bá jẹ̀bi.

Àwa tí a ń kọ́ lítíréṣọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì. Ní ọdún 1964, Hubert Ògúndé gbé eré *Yorùbá Ronú* jáde. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, kí wọ́n má ṣe ṣeré mọ́ ní gbogbo ẹkùn náà. Ní ọdún 1966, lábẹ́ ìṣàkóso Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ni wọ́n mú ìfòfindè náà kúrò. A ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré náà, a ń pe Ògúndé ní akọni. Ní ọdún 1996, nígbà ìjọba ológun Sani Abacha, àwọn tí ó ti sá lọ sí òkè òkun dá Rédíò Kudirat sílẹ̀, ohùn wọn sì ń gba orí afẹ́fẹ́ wọ inú ilé àwọn ènìyàn níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún rántí bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń rọ ohùn rédíò sílẹ̀ ní alẹ́ kí wọ́n tó tẹ́tí sí i. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín bàbá tí ó ń wá ìkànnì rédíò nínú òkùnkùn ní ọdún 1996 àti ọmọ tí ó ń wá ọ̀nà dé Twitter ní ọdún 2021? Irinṣẹ́ ni ó yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀kọ́ àṣà, a máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa àrokò. Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnìkan ń sọ pé ọkàn òun fà sí i. Ẹni tí ó fi mẹ́jọ ránṣẹ́ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra wọn. Owó ẹyọ méjì tí ó kọjú síra wọn jẹ́ àmì ìfẹ́; tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà dé nìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ni pé ìránṣẹ́ tí ó gbé àrokò lè má mọ ohun tí ó gbé. Ó rí owó ẹyọ, ó mọ ilé tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà láàárín ẹni tí ó dì í àti ẹni tí yóò tú u. Bákan náà ni ẹnà. Àwọn ọmọdé a máa fi ìró mìíràn há àárín ọ̀rọ̀, wọn a sọ "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ" dípò "mo fẹ́ lọ." Ẹni tí ó gbọ́ ohùn wọn tí kò mọ ẹnà yóò mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ohun méjèèjì yìí ni ó para pọ̀ di ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní proxy. Èmi yóò pè é ní aṣojú. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá fẹ́ ka ojú-ewé kan, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ń gbé ìbéèrè rẹ lọ. Bí ìjọba bá ti sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé kí ó má ṣe gbé ìbéèrè kankan dé ibi kan, ìbéèrè rẹ yóò kú sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kọ̀ǹpútà kan ní ibòmíràn tí ọ̀nà kò ti dí, o lè fi ìbéèrè rẹ rán an. Yóò bá ọ lọ, yóò sì mú èsì padà wá. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù yóò rí i pé ìwọ àti kọ̀ǹpútà yẹn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnà ni ẹ ń sọ.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í dúró de ohun èlò ọ̀fẹ́. Wọ́n máa ń ṣí ojú-ewé dúdú tí a fi ọwọ́ tẹ àṣẹ sí, wọn a kọ ìlà kan báyìí:

ssh -N -D 1080 oruko@adiresi

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. "ssh" ni ètò tí ń di ọ̀rọ̀ ní ẹnà. "oruko@adiresi" ni orúkọ tí o ń jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà lókèèrè àti ibi tí kọ̀ǹpútà náà wà. Ó lè jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè jẹ́ èyí tí o háyà. "-D 1080" ní kí a ṣí ihò kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1080 sára kọ̀ǹpútà tìrẹ, kí ohunkóhun tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé máa lọ sọ́dọ̀ aṣojú. "-N" ní kí a má ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn èyí, o gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ètò tí ó kù pé kí wọ́n gba ihò náà:

export ALL_PROXY=socks5h://127.0.0.1:1080

Nọ́ńbà 127.0.0.1 ni kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ètò ni ó ń ka ìlà yìí; curl ń kà á, ṣùgbọ́n ní Firefox, inú ibi ètò rẹ̀ ni a ti ń kọ nọ́ńbà méjèèjì sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ẹ wo lẹ́tà "h" tí ó wà nínú ìlà kejì dáadáa. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ojú-ewé lè ṣí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ yóò kọ́kọ́ bèèrè níhìn-ín pé, "Níbo ni ilé lágbájá wà?" kí ó tó rán aṣojú lọ. Ẹni tí ó ń ṣọ́nà yóò gbọ́ orúkọ ibi tí o ń lọ, ó sì lè fún ọ ní àdírẹ́sì èké. Bí "h" bá wà níbẹ̀, aṣojú ni yóò bèèrè ọ̀nà lọ́hùn-ún. Ó dà bí ẹni tí ó di àrokò dáadáa, tí ó wá ń pariwo orúkọ ẹni tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ní àárín ọjà. Àwọn ọmọ a máa ráhùn pé mo le koko jù lórí àmì ohùn, pé kí ni àmì kékeré kan lè ṣe. Àmì kékeré kan ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́tà kékeré kan ni ó ya ẹni tí a bò ní àṣírí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí a kò bò.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Aṣojú kì í mú ewu kúrò. Ó ń gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn ni. Ẹ̀rù ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kò bà ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà aṣojú ń rí gbogbo ibi tí o ń lọ. Bí ojú-ewé tí o ń kà kò bá ní ẹnà tirẹ̀, ìyẹn ni pé tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá fi "https" bẹ̀rẹ̀, ó lè ka ohun tí o kọ pẹ̀lú. Bí o bá sì fi orúkọ rẹ wọlé sí Facebook tàbí ibòmíràn, aṣojú kò lè fi ọ́ pamọ́ fún wọn, nítorí pé ìwọ fúnra rẹ ni o dárúkọ ara rẹ. Ìránṣẹ́ àrokò nígbà àtijọ́, a mọ ilé bàbá rẹ̀. Ta ni ó mọ ilé bàbá ẹni tí ó ṣe VPN ọ̀fẹ́? Ní ọdún 2013, Facebook ra ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Onavo, tí ó ní VPN ọ̀fẹ́ tí ó ní òun ń dáàbò bo àwọn ènìyàn. Facebook ń ti ibẹ̀ wo irú àwọn ohun èlò tí àwọn ènìyàn ń lò lórí fóònù wọn, ó sì fi ń mọ bí ọjà àwọn abánidíje rẹ̀ ṣe ń tà. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kógbá ohun èlò náà wọlé. Bí ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni a ó retí lọ́dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ rí?

Mo mọ ohun tí àwọn òbí yóò sọ. Wọn yóò ní, "Olùkọ́, ṣé ẹ fẹ́ sọ àwọn ọmọ wa di yahoo ni?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ìwà jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré, bí ó ti bà á jẹ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọ̀jìbìtì náà sì ń lo aṣojú láti fi ojú wọn pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ lu jìbìtì kò dúró de olùkọ́ Yorùbá kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ tí kò ní ète búburú lọ́kàn ni àìmọ̀ ń pa lára. Ọmọ yìí ni ó ń gba ohun èlò ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tí ó sì ń kó àṣírí ilé bàbá rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́. A ń fi àdá lé ọmọ lọ́wọ́ ní oko kòkó nígbà tí ó tó bẹ́ẹ̀. A kì í sọ pé nítorí olè ń lo àdá, kí ọmọ má mọ̀ ọ́n lò. Ohun tí a ń ṣe ni pé a dúró tì í títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀rọ̀ Twitter kò kan àwa olùkọ́ èdè, pé òṣèlú ni. Mo fẹ́ kí wọ́n rántí ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2012, nígbà tí Kọ́lá Túbọ̀sún pe àwọn ọmọ Yorùbá káàkiri ayé jọ pé kí wọ́n kọ Yorùbá lórí Twitter ní gbogbo ọjọ́ náà, kí ilé-iṣẹ́ náà lè rí i pé èdè wa wà láàyè. Gbàgede tí a ti ń kọ èdè wa wà lára ohun tí wọ́n tì pa ní ọdún 2021.

Mo sì fẹ́ kí wọ́n rántí ilẹ̀kùn kan. Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìsẹ̀-Èkìtì tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó gbẹ́ ọba sí i lórí ìtẹ́, ó sì gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ tí wọ́n gbé wá kí i. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò padà wálé mọ́. Ó wà ní British Museum títí di òní. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tàbí ọmọ Ìsẹ̀ tí kò lówó ọkọ̀ òfuurufú, tí ó sì fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà tí ó ṣẹ́kù fún un. Lóòótọ́, wọn kò ti ojú-ewé British Museum ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ní Benin ní ọdún 2019, gbogbo ọ̀nà ni wọ́n dí, ti òṣèlú àti ti ìmọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbà pé ọwọ́ alágbára lè ti ilẹ̀kùn kan láìsí òfin, kì í ṣe òun ni yóò yan ilẹ̀kùn kejì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan kí n tó kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìn kò tó. Níbi tí wọ́n bá ti pa íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kò sí aṣojú tí yóò ṣiṣẹ́, nítorí pé kò sí ọ̀nà tí a ó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ó bá sì ṣiṣẹ́, ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ni ó ń là. Ìyá tí ó ń ta iṣu lójúde, tí ń polówó ọjà rẹ̀ lórí fóònù kékeré, inú òkùnkùn ni ó wà. Nítorí náà, kí a kọ́ àwọn ọmọ ní aṣojú, kí a sì kọ́ wọn ní abala 39 pẹ̀lú, kí wọ́n mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ni ó sọ pé ilẹ̀kùn náà kò yẹ ní títì, kì í ṣe VPN.

Ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn ti jáde. Bí mo bá tún pàdé rẹ̀ lábẹ́ igi náà, n kò ní gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì ní rẹ́rìn-ín kí n kọjá lọ. N óò jókòó tì í. N óò ní kí ó sọ fún mi ohun tí àrokò jẹ́, kí ó sọ ẹni tí ó dì í, ẹni tí ó gbé e àti ẹni tí yóò tú u. Lẹ́yìn náà, n óò ní kí ó mú fóònù rẹ̀ jáde, kí ó fi ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn mí níbẹ̀. Bí kò bá lè tọ́ka sí ìránṣẹ́, a ó jọ yọ ohun èlò náà kúrò.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ tí a kò bá mú mọ ọ̀nà, ọwọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pàdé ni yóò dìmú.